Àwọn Òkúta Aláìlórúkọ ní Laurel Fork

Dayton, Ohio
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì, 1959

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìdánìkanwà nínú ilé ńlá yẹn. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Èmi àti Virgil wà láàyè, a dúpẹ́. Fíríìjì ni a ṣì ń ṣe nílé iṣẹ́ wa, ilẹ̀kùn rẹ̀ ni èmi ń dè mọ́ ọn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo rí ẹ̀wà gbígbẹ àti oyin ọkà bàbà tí ẹ fi ránṣẹ́ gbà. Virgil fi ìka nu ìsàlẹ̀ ìgò náà mọ́ tónítóní, ojú ò sì ti ọkọ mi.

Bàbá, inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n tú u sílẹ̀ ná. Lẹ́nu ọmọ Tolliver, aládùúgbò yín tó máa ń wá síbí, nínú ọjà, ni mo ti gbọ́ pé ìjọba fẹ́ sé odò wa, pé omi yóò bo Laurel Fork látòkè délẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi nígbà Kérésìmesì. Ẹ sọ pé màlúù bímọ. Ẹ sọ pé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń jò. Ẹ ò sọ pé ilé tí wọ́n bí mi sí ń lọ sísàlẹ̀ omi. Ṣé àlejò ni mo ti dà ni?

Ohun kejì rèé. Ẹgbẹ́ kan wà nílùú yìí, ẹgbẹ́ ọmọ-ọmọ àwọn tó kọ́kọ́ sọdá òkè wá tẹ ìhà ìwọ̀-oòrùn dó. Mo lọ bá wọn ní Sátidé. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyáàfin Hathersage ló jókòó síbẹ̀. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ní, "Ará orí òkè Kentucky ni ọ́, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, "Àwọn ìdílé tó mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá la ń gbà níbí." Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo ní, "Mà, kí ẹnikẹ́ni tó fi ìpìlẹ̀ ilé tí ẹ jókòó sí yìí lélẹ̀ làwọn Pruett ti ń gbin àgbàdo ní Laurel Fork." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó dáa. Kà wọ́n fún mi."

Mo kà yín. Mo ka Bàbá Àgbà Elkanah, mo ka Reuben bàbá tiwọn. Mo dé ibẹ̀, ẹnu mi wọhò. Bàbá, ojú tì mí ju bí ẹ ṣe lè rò lọ. Ẹ bá mi parí rẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ dé? Ta ni ìyàwó rẹ̀? Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà?

Ọmọ yín,
Orlena


Laurel Fork, Kentucky
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta, 1959

Orlena ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà, mo sì ti gbọ́ èébú tó wà nínú rẹ̀. O ṣeun. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí, àmọ́ ó kéré sí ẹnu rẹ.

N kò sọ ọ̀rọ̀ odò fún ọ nítorí n kò gbà pé yóò ṣẹlẹ̀. Ìjọba ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn máa la títì wá síbí, pé àwọn máa kọ́ ilé ìwòsàn. Èwo ni wọ́n ṣe níbẹ̀? Bí wọ́n bá sì sé e lóòótọ́, kí omi wá bá mi lórí àga mi. Ọmọ Pruett kì í fi ilé sílẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀ wà ní Ohio, ó ń de ilẹ̀kùn fíríìjì.

Sọ fún obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ yẹn pé Kápítẹ́nì Ansel Pruett ni baba ńlá wa. Láti Virginia ló ti wá. Ó gba ẹnu ọ̀nà òkè kọjá, àáké ní èjìká, màlúù pupa kan níwájú. Ó pa ẹkùn lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ansel bí Josiah, Josiah bí Reuben, Reuben bí Elkanah, Elkanah bí mi, mo wá bí ìwọ olórí kunkun. O béèrè ìyàwó rẹ̀. Ṣé mo bá wọn jẹun ìgbéyàwó ni? Òkúta Ansel wà lórí òkè, bàbá mi ló gbé e kalẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo rí i tí omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Níwọ̀n bí o ti ń béèrè ọ̀rọ̀ òkú, gbọ́ èyí. Ọkùnrin kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ sé odò. Ferrin ni orúkọ rẹ̀, ara rẹ̀ mọ́ bí ẹyin. Ó ní gbogbo ibojì tí ẹbí bá lè dárúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, àwọn yóò hú u tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àwọn yóò gbé e lọ sórí òkè gíga lẹ́bàá ọ̀nà tuntun, àwọn yóò sì fi òkúta tó ní orúkọ lé e. Èyí tí kò bá ní orúkọ, inú ihò kan náà ni wọn yóò kó gbogbo wọn sí. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn òkúta oko tó yí Ansel ká, ó ní, "Ta nìyí, sà?" Mo ní, "Ènìyàn mi ni." Ó ní, "Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?" Mo ní, "Ṣé o máa ń bi òkú léèrè orúkọ kí o tó kí i ni?" Ó kàn ń kọ nǹkan sílẹ̀ lọ.

Wá sílé nínú oṣù Karùn-ún, lọ́jọ́ ìtọ́jú ibojì. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ rẹ ti kan koríko ibẹ̀ kẹ́yìn.

Bàbá rẹ,
Hobart Pruett


Dayton, Ohio
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà, 1959

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ má bínú pé ẹ ò rí mi lọ́jọ́ ìtọ́jú ibojì. Ìsinmi díẹ̀ tí wọ́n fún mi níbi iṣẹ́, mo lò ó fún ohun kan tí mo rò pé yóò dùn mọ́ yín. Virginia ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ. Mo fẹ́ rí ilẹ̀ tí Ansel fi sílẹ̀.

Mo ń béèrè kiri títí mo fi dé ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Pell's Ferry. Mo béèrè àwọn Pruett, wọ́n sì mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan, Lockett Pruett. Bàbá, imú yín gan-an ló wà lójú ọkùnrin náà! Ó fún mi ní wàrà kíkan àti búrẹ́dì àgbàdo, ó ń wò mí bí ẹni ń wo fọ́tò. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ansel lò ń wá? Dìde, kò jìnnà." Ó mú mi lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Bàbá, Ansel wà níbẹ̀. Mo rí òkúta rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara mi. Orúkọ ìyàwó kan, Dorcas, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì yí wọn ká. Ansel gbó, ó tọ́, ó sì kú síbẹ̀.

Mo ní, "Sà, Ansel yìí lọ sí Kentucky."

Bàbá Lockett ní, "Ó lọ lẹ́ẹ̀kan. Òtútù àkọ́kọ́ ló lé e padà wálé."

Mo ní, "Òun nìkan ló lọ ni?"

Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ó mú ìyàwó àkọ́fẹ́ lọ, pẹ̀lú ọmọ. Òun nìkan ló padà dé. Ó ní wọ́n ti kú. Ohun tí wọ́n sọ fún wa nìyẹn."

N kò mọ bí mo ṣe máa kọ gbólóhùn tó kàn yìí. Bí Ansel bá wà ní Virginia, ta ló wà lábẹ́ òkúta wa? Bí ọmọ rẹ̀ bá sì kú, ta ni Josiah? Ẹ má bínú sí mi. Mi ò lọ síbẹ̀ láti wá ẹ̀gàn.

Ọmọ yín,
Orlena


Dayton, Ohio
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹjọ, 1959

Bàbá mi,

Ṣé ìwé mi dé ọ̀dọ̀ yín? Ẹ kì í pẹ́ báyìí. Mo bi ọmọ Tolliver, ó ní òun rí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ara yín le, pé ẹ kò dárúkọ mi. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló dùn mí. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Ẹ má ṣáà dákẹ́.

Orlena


Laurel Fork, Kentucky
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹsàn-án, 1959

Orlena,

Ìwé rẹ dé. Àti ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì.

O fi òkú ilé rẹ sílẹ̀ láìtu koríko orí wọn, o wọ bọ́ọ̀sì lọ bá àjèjì pé kí ó wá sọ ẹni tó bí ọ fún ọ. Ó sọ fún ọ, o gbà á gbọ́, o sì fi ránṣẹ́ sí mi kí n lè bá ọ jẹ nínú rẹ̀. Bàbá mi gé igi tà kí ó tó rí òkúta yẹn rà. Ṣé kí n wá jí i lójú oorun, kí n sọ fún un pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ọmọ àlè ni gbogbo wa?

Ferrin ń padà bọ̀ kí ewé tó wọ́ tán. Ansel ni n ó pè fún un. Àwọn yòókù, Ọlọ́run mọ̀ wọ́n.

Má kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Hobart Pruett


Dayton, Ohio
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án, 1959

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, mo tún kúnlẹ̀ bí obìnrin. Ẹ dárí jì mí fún ọ̀nà tí mo gbà sọ ọ́. Ó yẹ kí n dúró títí n ó fi rí yín kí n tó sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá gé igi tí kò wo ibi tó ń wó sí, orí ara rẹ̀ ni yóò wó lé. Wọ́n ń bọ̀ wá da ènìyàn wa sínú ihò kan bí ànàmọ́. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ Ìyáàfin Hathersage ti kúrò lọ́kàn mi. Àwọn òkúta kéékèèké yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ lọ bi Àǹtí Zilpah, ẹ̀gbọ́n yín. Wọn kò ríran mọ́, àmọ́ iyè wọn ṣì jí pépé. Nígbà tí mo wà ní kékeré tí a jọ ń tu koríko lórí òkè, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí òkúta kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé àdúrà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọmọ yín tó ṣì ń jẹ́ Pruett lọ́kàn,
Orlena


Laurel Fork, Kentucky
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹwàá, 1959

Orlena ọmọ mi àtàtà,

Jókòó kí o tó ka èyí. Bí Virgil bá wà nílé, pè é kí ó wá gbọ́.

Mo fi ìwé rẹ sílẹ̀ lórí tábìlì fún ìgbà díẹ̀, mo ń yẹra fún un bí ẹni ń yẹra fún ajá tó ń bù jẹ. Lẹ́yìn náà mo gba òkè lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Ó jókòó síta nínú oòrùn, ó ń pa ẹ̀wà. Mi ò tíì kí i tán tó ní, "Hobart, ẹsẹ̀ rẹ ń wúwo. Kí ló ṣe ọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló wà lábẹ́ òkúta Ansel?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Ó ní, "Ta ló fẹ́ mọ̀? Ìwọ ni, àbí Orlena?"

Mo ní, "Àwa méjèèjì."

Ó ní, "Ó tó àkókò. Ẹ gbé mi lọ síbẹ̀."

Èmi àti àwọn ọmọkùnrin Tolliver gbé e ka orí ìbaaka, a so ó mọ́ ọn kí ó má bàa jábọ́, ó ń bú wa títí a fi dé orí òkè: "Ẹ̀yin wọ̀nyí, àgbàdo lẹ rò pé ẹ dì ni?" Ferrin bá wa níbẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá gbọ́ orúkọ.

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sílẹ̀, ó lọ tààrà síwájú òkúta Ansel láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á lọ́wọ́. Ó gbá a bí ẹni ń gbá ọmọ tó ya ìpáǹle. Ó ní, "Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbí kò sí níbí. Keziah ló wà níbí."

Mo ní, "Ta ni Keziah?"

"Ìyàwó Ansel. Ìyá Josiah. Ìyá gbogbo wa."

Mo jókòó sórí koríko. Mo sọ ohun tí ọkùnrin Virginia sọ fún ọ fún un, pé ìyàwó àti ọmọ ti kú.

Orlena, ó bú sẹ́rìn-ín! Ó ní, "Wọ́n kú kẹ̀? Ẹni tó bá sá ni í sọ pé àwọn tí òun fi sílẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin wọn àgbà ló kú lójú ọ̀nà, lórí òkè, nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Keziah fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ín. Nígbà tí òtútù dé, tí Ansel ní, 'Dìde, ká padà,' ó gbé Josiah lẹ́yìn, ó wo òkè yẹn, ó ní, 'Mo ti sin ọ̀kan sójú ọ̀nà yìí. Èyí kò ní bá mi gbà á mọ́.' Ansel mú ẹṣin lọ. Ó fi màlúù sílẹ̀ fún un nítorí màlúù ò lè sáré."

Ihò igi ńlá kan létí odò ni Keziah àti ọmọ náà gbé ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn, màlúù dí ẹnu ihò náà fún wọn. Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, ó gbin àgbàdo tó fi pa mọ́ sínú aṣọ rẹ̀. Òun ló kọ́ ilé àkọ́kọ́. Òun ló pa ẹkùn yẹn! Bàbá mi kàn gba ẹkùn lọ́wọ́ obìnrin ni, ó gbé e fún ọkùnrin.

Mo ní, "Ta ló sọ èyí fún yín?"

Ó ní, "Màmá Arminta, ìyàwó Reuben. Ìyàwó ilé ló jẹ́ nígbà tí Keziah darúgbó; òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ. Keziah sọ fún un pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, Arminta sì fi ọwọ́ mi lé òkúta wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí mo ṣì ń ríran. Keziah a tún máa kìlọ̀ pé kí a má parọ́ pé òfìfo ni a bá ilẹ̀ yìí. Ó ní òun bá ipa ẹsẹ̀ àwọn tó ti ni ín ṣáájú wa létí odò, àti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹran. Ó ní kí a máa rántí wọn."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò fi sọ fún wa?"

Ó kọjú sí mi bíi pé ó ń rí mi. "Ta ló bi mí? Ẹ̀yin ọkùnrin a dúró níwájú òkúta ńlá, ẹ ó máa kọrin. Àwa obìnrin ń tu koríko. Ojú ń ti bàbá wa pé obìnrin tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀ ló tẹ ibí dó, ló fi wá orúkọ ọkùnrin kan kọ síbẹ̀. Ó dúró kí Arminta kú kó tó gbé e kalẹ̀, nítorí ká ní ó wà láàyè ni, ì bá fọ́ òkúta náà mọ́ ọn lórí."

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ń tẹ̀ba, ó ń fọwọ́ wá òkúta nínú koríko, ó ń pè wọ́n. Josiah. Ìyàwó rẹ̀, Tamsin. Àwọn ìbejì tí kò gbé oṣù kan láyé. Ọkùnrin arìnrìn-àjò kan tó kú sí ẹnu ọ̀nà wọn, Jubal, tí wọ́n sin bí ọmọ ilé. Ferrin ń kọ, ó ń kọ, ó ti ṣí fìlà rẹ̀. Kò sí òkúta tí Zilpah fọwọ́ kàn tí kò dá a lóhùn.

Ọmọ mi, wọ́n bí mi sínú orúkọ ẹni tó sá, mo sì ń yangàn. Kí ni n ó ṣe báyìí tí mo mọ̀ pé ọmọ ẹni tí kò sá ni mí?

Bàbá rẹ,
Hobart


Dayton, Ohio
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kọkànlá, 1959

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kà á fún Virgil, mo sunkún, òun náà ń nu imú, ó ní ọ̀fìnkìn ló ń yọ òun lẹ́nu.

Mo padà lọ bá Ìyáàfin Hathersage. Mo dúró, mi ò jókòó. Mo kà wọ́n láti orí mi dé orí Keziah, mo sì sọ ihò igi náà fún un. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ẹgbẹ́ wa kò lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu, ọmọbìnrin mi. Ìwé là ń gbà." Mo ní, "Mo mọ̀, mà. Mi ò wá wọ ẹgbẹ́. Ẹ ní kí n kà wọ́n ni, mo sì ti kà wọ́n." Mo gbé orí mi sókè, mo jáde. Bí ilẹ̀kùn náà bá dún gbàá, afẹ́fẹ́ ni.

Mo kọ̀wé sí Bàbá Lockett náà. Ó yẹ kí ó mọ̀ pé wọn kò kú.

Bàbá, ìròyìn kan wà tí mo ń fi pamọ́. Mo ti lóyún. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò títí n ó fi bí. Nítorí náà n kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ kan òkúta Keziah.

Ọmọ yín,
Orlena


Laurel Fork, Kentucky
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Karùn-ún, 1960

Orlena ọmọ Keziah,

Ẹ kú ewu ọmọ! Ọlọ́run á wò ó dàgbà. Mo gbọ́ pé ohùn rẹ̀ le. Kò yà mí lẹ́nu.

A ti gbé wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pósí tirẹ̀, kò sí ẹni tí wọ́n kó sínú ihò kan náà yẹn. Bàbá Lockett wá láti Virginia pẹ̀lú aṣọ dúdú. Nígbà tí wọ́n gbé ti Keziah kọjá, ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, àwọn bàbá wa ló sọ fún wa pé ẹ ti kú síbí." Ẹ̀gbọ́n mi Zilpah ní, "Dìde, o ń ba ṣòkòtò jẹ́. Ó ti gbọ́." Òkúta Ansel ńkọ́? Mo bi Lockett bóyá ó fẹ́ ẹ, ó ní Ansel ti ní ọ̀kan, ọ̀kan sì tó ẹni tó sá. Mo ti yí i dojú bolẹ̀, òun ni n ó máa tẹ̀ wọlé ní ilé mi tuntun.

Bẹ́ẹ̀ ni, ilé mi tuntun. Má ṣubú lórí àga.

Oníwàásù béèrè ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún ẹbí. Mo dìde láti kà wọ́n, mo sì kà wọ́n, ohùn mi dún títí dé ìsàlẹ̀ àfonífojì. Nígbà tí mo ń pe orúkọ obìnrin yẹn ni ọ̀rọ̀ kan dé bá mi. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń sọ pé ọmọ Pruett kì í fi ilé sílẹ̀. Orlena, ilé ni Keziah fi sílẹ̀! Ó ní ìyá ní Virginia, ó ní ibùsùn, ó ní aago ṣọ́ọ̀ṣì tó ń dún láràárọ̀. Ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn. Bí kò bá rìn, kò ní sí Laurel Fork tí n ó máa jókòó tì.

Lọ́jọ́ tí o wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ohio, mo jókòó nínú ilé, mo kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Mo mọ̀ pé o wo ẹ̀yìn. Mo gbọ́ tí awakọ̀ fọn fèrè.

Ní Ajé tó ń bọ̀, n ó kó lọ sórí òkè lẹ́bàá wọn. Omi yóò dé, yóò bá ilé tó ṣófo. Tí ara rẹ bá ti le, gbé ọmọ náà wá. Bọ́ọ̀sì ń dúró ní ìsàlẹ̀ òkè tuntun yẹn báyìí; ibojì wọn ni wàá kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ilé mi. N ó ti dúró lójú ọ̀nà kí o tó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí o bá sì ń padà lọ, n ó dúró níbẹ̀, n ó máa juwọ́ títí bọ́ọ̀sì yóò fi wọ kọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ,
Hobart Pruett